Bí Oníṣẹ́-Abẹ Bá Ń Du Ipò Ààrẹ Láàárín Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ojúgbà mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tí ẹ ti wọ́ọ̀dù wá tààrà láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, mo kí gbogbo yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ pè mí. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdìbò. Ní Ìbàdàn yìí, bí a bá dárúkọ ìdìbò, ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú ni ọkàn ń lọ. Ṣùgbọ́n ìdìbò tí mo ní lọ́kàn kò ní pósítà lára ògiri Mọ́kọ́lá, kò sì ní onílù. Èyí tó máa ń wáyé nínú àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, nígbà tí sáà olórí kan bá ń parí lọ: wọn á fi orúkọ ènìyàn mélòó kan sílẹ̀, olùdíje kọ̀ọ̀kan á kọ ojú ìwé kan nípa ara rẹ̀ àti nípa ohun tó fẹ́ ṣe, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì dìbò. Kò ṣọ̀wọ́n kí a rí orúkọ oníṣẹ́-abẹ tó tún jẹ́ olùwádìí láàárín àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tó yẹ kí a máa wò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí a tó fi ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́.

Mo ní ìdáhùn kan, n kò sì rí ìdí tí n óò fi dì í mú di ìparí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá oníṣẹ́-abẹ náà ti gbé àbájáde iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn kà á, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì sọ ibi tó kù sí, pàápàá nígbà tí àbájáde náà kò bu iyì kún un. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń díwọ̀n ara rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gá pátápátá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí aláìsàn máa ti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wá a wá. Síbẹ̀, ó ku nǹkan kan kí ó tó lè jókòó lórí àga tí a ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwà oníṣẹ́-abẹ ti ń wá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú nínú ikùn aláìsàn, kò sí àyè fún ìpàdé. Ẹnì kan ni yóò máa pàṣẹ. Nọ́ọ̀sì yóò na irin-iṣẹ́ sí i, dókítà akunnilóorun yóò ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá, ọmọṣẹ́ yóò di ibi tí wọ́n ní kó dì mú, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìdí. Ẹni tó bá ti gbé inú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ́ ọn lára, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni irú ìpinnu kíákíá bẹ́ẹ̀ ti gbà là. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ lè dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kí ó ní ìṣirò tó wà lójú pátákó kò bá ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ mu. Bí òótọ́ bá sì wà lẹ́nu ọmọ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò yí ọ̀rọ̀ padà. Ọgbọ́n ọmọdé àti ọgbọ́n àgbà tí wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn lásán nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni òfin tí iṣẹ́ wọn dúró lé lórí.

Kódà nínú tíátà fúnra rẹ̀, àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo ti ń yí padà. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kékeré kan jáde tí wọ́n ń kà sókè nígbà mẹ́ta: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó fi abẹ kan ara rẹ̀, àti kí ó tó kúrò ní tíátà. Olúkúlùkù yóò sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, wọn á jọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláìsàn tó yẹ àti ibi tó yẹ lára rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì yóò sì ka kànìnkànìn àti abẹ́rẹ́ sókè kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní Tànsáníà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, ikú láàárín àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wálẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8, àwọn tí ìṣòro ńlá mìíràn bá sì wálẹ̀ láti 11 sí 7. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Àyè ni wọ́n fún àwọn tó kù ní tíátà kí wọ́n lè là ẹnu. Bí mo bá ń wádìí nípa olùdíje kan tó jẹ́ oníṣẹ́-abẹ, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tíátà rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ lọ kí n tó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àṣà tuntun pé kí oníṣẹ́-abẹ jókòó sórí àga àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1660, fi Benjamin Brodie ṣe ààrẹ láti 1858 títí di 1861. Oníṣẹ́-abẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ nìkan ló gbé e dé ibẹ̀: ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Copley láti 1811 fún ìwádìí rẹ̀ lórí bí ọpọlọ ṣe ń darí iṣẹ́ inú ara. Joseph Lister náà wà lórí àga yẹn láti 1895 sí 1900. Ẹ̀yin dókítà mọ Lister dáadáa. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ásíìdì carbolic pa kòkòrò inú egbò ní Glasgow ní 1865. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni pé ó ka òkú rẹ̀, ó sì tẹ iye wọn jáde. Kí ọ̀nà tuntun náà tó gbilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, nínú ènìyàn 35 tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ní 1864 àti 1866, 16 ló kú. Láti 1867 sí 1869, nínú 40, 6 péré ló kú. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí bá ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò fún jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn jáde sí, lónìí, yóò ní àwọn ènìyàn náà kò pọ̀ tó, yóò sì béèrè bóyá nǹkan mìíràn kò yí padà ní wọ́ọ̀dù náà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ fi lè béèrè ni pé ọkùnrin náà kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí jù ni Theodor Kocher ti ìlú Bern ní Switzerland. Gẹ̀gẹ̀ ló fi gbajúmọ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gé gẹ̀gẹ̀ fún mọ̀ pé òun lè má dìde lórí tábìlì, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti nítorí egbò tó ń ṣọyún lẹ́yìn iṣẹ́. Kocher fi sùúrù àti ìmọ́tótó sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń là já. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gbogbo ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ló máa ń gbé kúrò, egbò a sì jinná láìsí àbùkù. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-abẹ yóò ti pa ìwé dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Reverdin, tó jẹ́ oníṣẹ́-abẹ ní Geneva, ti kíyè sí i pé ara irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò, ó sì sọ fún un. Kocher ránṣẹ́ pe àwọn tirẹ̀ padà. Ohun tó rí burú: àwọn tí kò ṣẹ́ ẹyọ thyroid kankan kù sí lọ́rùn ti di ẹni tí ojú rẹ̀ wú, tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, tí iyè rẹ̀ ti rà, àwọn tó sì jẹ́ ọmọdé nígbà iṣẹ́ abẹ náà kò dàgbà mọ́. Ní 1883, ó dìde ní Berlin níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Jámánì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe gé gbogbo ẹṣẹ́ náà kúrò nítorí gẹ̀gẹ̀ lásán mọ́. Láti ara ìjábọ̀ yẹn àti ti Reverdin ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́ tí ẹṣẹ́ náà ń ṣe nínú ara. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ àgbáyé ṣe àpéjọ wọn àkọ́kọ́ ní Brussels ní 1905, Kocher ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ní 1909 ó gba ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni oníṣẹ́-abẹ àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn tó fi jẹ ààrẹ mọ irú ẹni tí wọ́n ń fi jẹ: ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un sọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ènìyàn dé ipò nígbà gbogbo. Ó lè gbé ènìyàn kúrò lórí rẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn Ernest Codman ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà sì tó ẹ̀rí. Ohun tí Codman ń béèrè kò le rárá létí: ó ní kí ilé ìwòsàn tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún ìgbà tó pẹ́ tó kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ náà ṣe é lóore, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá ṣe é lóore, ìbáà jẹ́ ẹ̀bi dókítà, tàbí ti irin-iṣẹ́, tàbí agbára àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí ará ìlú lè rí àkọsílẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò gbà, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1914. Ó ti dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Nínú àkọsílẹ̀ tó tẹ̀ jáde nípa àwọn aláìsàn 337 tó gba ibẹ̀ kọjá láàárín 1911 sí 1916, ó ka àṣìṣe 123, ó sì dárúkọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ fojú inú wo kọnsọ́táǹtì kan ní ìlú wa yìí tó tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn yòókù.

Ní January 1915, Codman ni alága ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ nínú ẹgbẹ́ àwọn dókítà àdúgbò rẹ̀. Ó pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, gbọ̀ngàn kún, ó sì ṣí aṣọ lójú àwòrán ńlá kan: ẹyẹ ògòǹgò tó dúró fún àwọn aláìsàn olówó ìlú náà, tó ki orí bọ yanrìn, tó ń fi ẹsẹ̀ ta ẹyin wúrà sí àwọn dókítà, tí àwọn alámòójútó ilé ìwòsàn sì ń ṣe kàyéfì bóyá ẹyẹ náà yóò ṣì máa yé bí ó bá gbọ́ òótọ́ nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un. Ariwo ta. Wọ́n ní kí ó kúrò lórí àga, ó sì kúrò. Síbẹ̀, òun wà lára àwọn tó dá American College of Surgeons sílẹ̀ ní 1913, èrò rẹ̀ ló wà nídìí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ló sì dá àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ eegun sílẹ̀ ní 1920, tó jókòó tì í títí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwọn ará Boston ni ẹni ibi, Codman sì ni ẹni mímọ́. Èmi kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe arítẹnimọ̀ọ́wí tó fi àpáàdì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tú síta. Nípa ọ̀ràn náà gan-an, òun ló jàre. Ṣùgbọ́n àga alága kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń fi àwọn tó gbé e síbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí yóò darí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí òótọ́ kíkorò ṣe lè wọlé kí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ má sì dìde jáde. Bí mo bá wà ní Boston lọ́dún náà, mo rò pé ìwé àkọsílẹ̀ ni n bá fi síkàáwọ́ Codman, n bá sì wá ẹlòmíràn sí ipò alága. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà pẹ̀lú mi, wọn á ní láìsí àwòrán yẹn kò sí ẹni tí ìbá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Kí UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn yìí, tó ṣí ní November 1957, Adéọ̀yọ́ àti Jericho ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì wa ti ń kọ́ iṣẹ́ lára aláìsàn. Kí wọ́n tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1948 pàápàá ni Samuel Manuwa, tó kàwé ní Edinburgh, ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tó sì ti ṣe irú ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi ń gé egbò àdáàjinná kúrò lẹ́sẹ̀ aláìsàn. Ó di olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera, ó sì di alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, padà dé láti Amẹ́ríkà ní 1962, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án ló ń kọ ìwé ìwádìí lóru, lórí àbùkù tí àwọn ọmọ ń gbé wáyé nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tó kú ní 1974. Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà UCH. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sórí tábìlì níbẹ̀ lálẹ́ ìdánwò mọ̀ ọ́n.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́-abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kóra jọ ní 1960 láti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí tó yí padà di West African College of Surgeons ní 1973. Nípasẹ̀ rẹ̀ àti nípasẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti orílẹ̀-èdè wa, ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kí ó sì kọ ọ́ síwèé. Ètò tó dára ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé yẹn ni àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ nínú wa: bí oyè bá ti wọlé, ìwé á wọ àpótí. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ọ̀rọ̀ náà “oníṣẹ́-abẹ àti olùwádìí” gbọ́ kìkì nítorí pé olùdíje kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní, bí ọ̀rọ̀ bá le tó báyìí, kí ló dé tí a kò fi àga náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìwádìí lọ? Nigerian Academy of Science, láti 1977 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ti ní onímọ̀ oúnjẹ ẹran-ọ̀sìn, onímọ̀ kòkòrò fáírọ́ọ̀sì àti onímọ̀ àwọn kòkòrò afòmọ́ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, wọ́n sì ṣe é dáadáa. N kò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, bí oníṣẹ́-abẹ kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tó yẹ ká wádìí, iṣẹ́ abẹ a máa já bọ́ nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ tí jọ́nà Lancet gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sọ ní 2015 pé ènìyàn bílíọ̀nù 5 ni kò lè rí iṣẹ́ abẹ tó dájú tí owó rẹ̀ kò sì ju agbára wọn lọ, àti pé iṣẹ́ abẹ mílíọ̀nù 143 sí i ló yẹ kí wọ́n máa ṣe lọ́dọọdún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń sọ̀rọ̀ ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti éèdì bí ẹni pé obìnrin tí ọmọ há sí níkùn àti ọkùnrin tí ìpákè rẹ̀ fún kì í ṣe ara àwọn tó ń kú.

Oníṣẹ́-abẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tún máa ń rí ìbéèrè tí ẹlòmíràn kò lè rí. Àpẹẹrẹ kan ni ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lancet ní 2022, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè méje tó ṣe é, pẹ̀lú Benin, Gánà, Rùwáńdà, South Africa, Índíà àti Mẹ́síkò. Ìbéèrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: bí a bá ti parí iṣẹ́ nínú ikùn, tó ku kí a rán an, ǹjẹ́ ó ní àǹfààní kí gbogbo wa bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ti dọ̀tí, kí a wọ tuntun, kí a sì fi irin-iṣẹ́ tuntun ránṣọ ara? Ilé ìwòsàn 81 àti aláìsàn 13,301 ló kópa. Níbi tí wọn kò ti pàrọ̀ nǹkan kan, egbò àwọn 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kòkòrò àrùn. Níbi tí wọ́n ti pàrọ̀, 16.0 ni. Ìyàtọ̀ náà kò jọ iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí egbò ikùn tó ń ṣọyún ń ná ìdílé kan ní owó oògùn àti ọjọ́ ìdùbúlẹ̀ kò ní fojú kéré rẹ̀. Àwọn tó ń ránṣọ ara lójoojúmọ́ ló mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà kí wọ́n fi kèké pín ilé ìwòsàn wọn sí ọ̀nà méjèèjì, láìjẹ́ kí ọ̀gá kankan yan èyí tó wù ú.

Nípa bí ènìyàn ṣe ń dé ipò, a ní ètò kan ní Ìbàdàn tí àwọn ará ibòmíràn ń wá kọ́. Ìlà méjì ni ó wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn lọ́la á ti orí Mógàjí agboolé rẹ̀ dé ipò Jagun, á sì máa gun àkàbà náà ní ipele kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lé ní ogún. Bí ìlà kan bá jẹ, ìlà kejì ló kàn. Kí ó tó dé òkè, gbogbo ìlú ti rí bí ó ṣe ń parí ìjà, bí ó ṣe ń pín nǹkan, àti bí ó ṣe ń ṣe sí ẹni tó kéré sí i. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdúró títí tí orí fi ń funfun. Ó yẹ kí olùdíje fún ipò ààrẹ ti jẹ́ akọ̀wé rí, tàbí akápò, tàbí olóòtú jọ́nà, kí a lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bóyá àkọsílẹ̀ ìpàdé péye lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá owó ẹgbẹ́ bá ìwé mu, àti bóyá ó ti dá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà rí nígbà tí ìwé náà kò dára tó. Ẹni tó ti òkè wọlé nítorí pé ó lókìkí ní tíátà, kò sí ibi tí a ti lè rí i kí a tó dìbò fún un.

Nígbà náà ni a óò wá ka ojú ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀. Iye ìwé ìwádìí tó ní ló máa ń kọ́kọ́ wà níbẹ̀, èmi sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ tètè ré e kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, orúkọ ọ̀gá á wà lórí gbogbo ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá kọ, ìbáà ka ìwé náà tàbí kò kà á. Iye iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe náà kì í sọ púpọ̀, nítorí ìyẹn ń sọ bí aláìsàn ṣe wọ tíátà ni, kò sọ bí ó ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ohun tí mo máa ń wá ni èyí tó ṣòro láti rí: ìwé kan, ó kéré tán, níbi tí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ti kùnà tàbí tí kò sàn ju ti àtijọ́ lọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mo tún máa ń wo àwọn tó kọ́: ṣé wọ́n ti ní ìwádìí tiwọn báyìí, àbí ìwé rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bá a kọ? Onímọ̀ ìṣirò ńkọ́, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni wọ́n ti ń pè é, àbí ìgbà tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ tán? Nípa àwọn ìlérí bíi ilé ẹgbẹ́ tuntun àti owó tí yóò ti òkè òkun wá, n kò ní sọ púpọ̀. Gbogbo olùdíje ló ń ṣe irú rẹ̀. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìyanṣẹ́lódì, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù rán an létí pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà fún ìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù, a kì í sì í sábà sọ ọ́ lójú olùdíje nítorí ìtìjú. Oníṣẹ́-abẹ ní ọjọ́ tíátà, ó ní ọjọ́ klíníìkì, ó ní òru tí wọ́n lè pè é nígbàkígbà, ó ní akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn yìí, pẹ̀lú bí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni ọ̀gá kan ń ṣe. Ipò ààrẹ fẹ́ ẹni tí yóò ka àbá ìwádìí, tí yóò dá lẹ́tà padà, tí yóò sì jókòó ti ìgbìmọ̀ jọ́nà títí wọn yóò fi parí. Ó yẹ kí olùdíje lè dárúkọ ẹni tí yóò gba ọjọ́ tíátà kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹni náà sì ti gbà. Bí kò bá rí ẹni tí yóò dárúkọ, aláìsàn tàbí ẹgbẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀, mo sì rò pé ẹgbẹ́ ni, nítorí oníṣẹ́-abẹ tó dára kì í fi aláìsàn sílẹ̀.

Àbá kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ yín kí ẹ tó gba orúkọ àwọn olùdíje. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà ìdìbò pé oníṣẹ́-abẹ tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ yóò gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka tirẹ̀ kalẹ̀ ní àpéjọ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀: iye àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárín oṣù méjìlá, iye àwọn tí egbò wọn gba kòkòrò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, iye àwọn tó kú, àti iye àwọn tí kò padà wá. Ti ìkẹyìn yìí ló ṣòro jù ní agbègbè wa, nítorí aláìsàn á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Kíṣì, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á yí padà, owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn á ga jù fún un, àwa náà á sì kà á mọ́ àwọn tí ara wọn yá. Nítorí náà, kí ẹ̀ka náà gba nọ́ńbà ẹbí méjì lọ́wọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ tíátà, kí nọ́ọ̀sì kan sì ní iṣẹ́ pípè wọ́n lọ́jọ́ ọgbọ̀n. Kí ẹni tí yóò ka àkọsílẹ̀ náà jáde ní àpéjọ wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, kí ààrẹ jókòó sáàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kà á, kí àkókò ìbéèrè sì gùn tó àkókò tí wọ́n fi kà á.